Bí Ojú Bá Wú Lẹ́yìn Oúnjẹ

Ojú wíwú lẹ́yìn oúnjẹ kì í sábà pa ènìyàn. Ọ̀fun tó bá a wú ló ń pani. Ìpéǹpéjú lè wú títí ojú yóò fi dí pátápátá, ètè lè ki bí ti ẹni tí agbọ́n ta, kí gbogbo rẹ̀ sì ti rọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀nà èémí ní tirẹ̀ kéré, kò sí àyè tó lè wú sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí aláìsàn ṣe ń mí, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń dá itọ́ mì ni àwọn tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ló jẹ, ta ló sè é, níbo ló ti rà á? Ìbéèrè wọ̀nyí ló sábà ń gba iwájú ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní búkà, àwọn ìbéèrè náà sì ń jẹ àkókò run. Wọ́n lè dúró.

Ìgbà tí kò gba ìdúró

Pàjáwìrì ni bí ohùn aláìsàn bá há tàbí tó yí padà, bó bá ń wúkọ́ láìdáwọ́ dúró, bí èémí rẹ̀ bá ń dún bíi súfèé, bí ahọ́n rẹ̀ bá wú tí ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀, bí itọ́ bá ń dà nítorí pé kò lè dá a mì, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó dákú. Èébì léraléra àti inú rírun tó bá ojú wíwú àti ara lílé rìn wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Wọ́n á ní inú ló bàjẹ́. Ọmọ kékeré kò lè ṣàlàyé. Yóò máa fi ọwọ́ nu ahọ́n, ẹkún rẹ̀ yóò há, tàbí kí ara rẹ̀ rọ lójijì bó ti ń ṣeré lọ́wọ́.

Àkókò kò pọ̀. Richard Pumphrey, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ikú àwọn tí irú nǹkan báyìí pa níbẹ̀ wò. Nínú àbọ̀ tó gbé jáde ní ọdún 2000, ó rí i pé bó bá jẹ́ oúnjẹ ló fà á, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ló sábà ń wà láàrin ìgbà tí oúnjẹ náà wọ ẹnu àti ìgbà tí èémí tàbí ọkàn dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń fà láti ibùdókọ̀ Cele dé Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú 30 kò tó nǹkan.

Abẹ́rẹ́ adrenaline ni oògùn tó ń dá a padà. Inú iṣan itan, ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ń gún un sí. Àgbàlagbà ń gba miligíráàmù 0.5, ọmọ tó ti lé ní ọdún 6 títí dé 12 ń gba 0.3, ọmọ oṣù 6 sí ọdún 6 ń gba 0.15. Bí ara kò bá yá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, wọ́n lè tún un gún. Kálámù abẹ́rẹ́ EpiPen tí àwọn ará òkè òkun ń kó sínú báàgì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n ìgò kékeré adrenaline tí ilé ìwòsàn ń lò kò wọ́n. Piriton, cetirizine àti loratadine wúlò fún ara yíyún àti ètè wíwú, wọn kò sì lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Dexamethasone àti hydrocortisone tí àwọn oníkẹ́mísì kan fẹ́ràn láti kọ́kọ́ gún ń gba wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fún ní àwọn oògùn wọ̀nyí, tí wọn kò fún ní adrenaline, nígbà tí èémí rẹ̀ ti ń há, kò tíì gba ìtọ́jú.

Kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀, kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá há jù fún ìdùbúlẹ̀, kí ó jókòó, kí ó na ẹsẹ̀. Kí aboyún fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ dìde lójijì, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọkọ̀. Nínú àwọn ikú tí Pumphrey yẹ̀ wò, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé wọn dìde báyìí ni ẹ̀mí bọ́.

Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á da ṣíbí kan tàbí méjì sí aláìsàn lẹ́nu, wọ́n á fi mílíìkì lé e, ẹlòmíràn á ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ọ̀fun tó ń wú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà epo tàbí èébì náà lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó di ìṣòro méjì. Ọ̀rọ̀ àgbo náà kò yàtọ̀.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti wo ojú rẹ̀ nínú dígí, ibẹ̀ ló sì lè dákú sí láìsí ẹni tó mọ̀. Nínú danfo, kí ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í àti kọ̀ndọ́. Ní búkà, kí ó sọ fún olóúnjẹ fúnra rẹ̀.

Bí wọn yóò ṣe dé ilé ìwòsàn

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767, ọ̀fẹ́ sì ni pípè wọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán ọkọ̀ aláìsàn LASAMBUS. Kí ẹnì kan máa pè, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀ tó wà nítòsí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ọ̀kan tó ń sá fún ọlọ́pàá, ẹni tó lè dákú nígbàkígbà kò yẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù, tó ní adrenaline àti ọ́síjìn, ló dára jù. Ẹni tó wà nítòsí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ kò ní ìdí láti máa wá ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkejà nítorí pé orúkọ wọ́n tóbi. Bí dókítà bá rí i pé ó yẹ, òun yóò kọ ìwé láti gbé e lọ síbẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ṣe pàtàkì. “Ojú rẹ̀ wú” lè mú kí wọ́n ní kí ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. “Ó jẹun, ọ̀fun rẹ̀ ń wú, kò lè mí dáadáa” ni nọ́ọ̀sì yóò fi sáré. Bí wọ́n bá ń béèrè owó àsansílẹ̀, kí àwọn tó gbé e wá rántí Òfin Ìlera ti ọdún 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí yòówù. ₦100,000 ni owó ìtanràn ẹni tó bá rú u, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Ara lè yá kíá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí aláìsàn sì fẹ́ máa lọ sílé. Kí ó ní sùúrù. Ìṣòro náà lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ó tún jẹ ohunkóhun, nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró fún wákàtí 6 sí 12, pàápàá bó bá ní asima tàbí bó bá gba abẹ́rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bó bá jẹ́ ojú nìkan

Bí èémí bá já gaara, tí ohùn kò yí, tí òòyì kò kọ́ ọ, tí kò sì sí àmì pàjáwìrì mìíràn, a lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nílé. Cetirizine tàbí loratadine miligíráàmù 10, hóró kan péré, tó àgbàlagbà. Kí apòògùn ṣírò ti ọmọdé. Piriton ń mú oorun wá, kò yẹ fún awakọ̀ tàbí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́. Aṣọ tí a fi omi tútù rẹ lè mú kí ìwú rọ̀. Kí wọ́n bọ́ yẹtí àti òrùka. Ọtí, aspirin àti ibuprofen lè dá kún un, nítorí náà kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà, kò sì gbọ́dọ̀ lọ sùn nígbà tí ìwú ṣì ń pọ̀ sí i.

Kí ẹnì kan ya fọ́tò ojú náà. Ìwú sábà máa ń ti lọ kí aláìsàn tó rí dókítà, fọ́tò ni yóò sì sọ fún un bóyá ètè ni, ìpéǹpéjú ni, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ láàrin wákàtí 6 tó ṣáájú sílẹ̀, pẹ̀lú agogo tó jẹ ẹ́: oúnjẹ, ohun mímu, àgbo, oògùn. Kí wọ́n má ṣe gbàgbé láti kọ oògùn.

Oúnjẹ tí ara kò gbà

Oúnjẹ tí ara kò gbà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àlẹ́jì, sábà máa ń fi ara rẹ̀ hàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì. Edé, alákàn, ẹja, ìgbín, ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì, sóyà, yánmọtí àti àlìkámà ló wà ní iwájú. Edé ló le jù lọ láti yẹra fún ní Èkó, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọbẹ̀ tí wọn kì í fi í sí. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ó wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì lè lọ̀ ọ́ kúnná débi pé ojú kò ní rí i. Ṣíṣa edé kúrò nínú ọbẹ̀ kò wúlò, nítorí omi ọbẹ̀ ti fà á mu. Iná kì í pa ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ara ń bá jà, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn tí wọ́n sá a sí. Irú ohun kan náà tún wà lára aáyán àti àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú eruku ibùsùn, tó fi jẹ́ pé ẹni tí eruku ilé máa ń mú sín lè di ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé.

“Mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré” kì í ṣe ẹ̀rí. Ti edé àti alákàn máa ń bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà tó ti jẹ wọ́n fún ogún ọdún. Ti ẹ̀pà sì máa ń fara pamọ́: ata súyà kì í ṣe ata nìkan, kúlíkúlí lílọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó yẹra fún ẹ̀pà tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ Òṣòdì lè pàdé rẹ̀ nínú súyà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Fún ọmọ ọwọ́, ògì tí wọ́n po edé lílọ̀, sóyà àti ẹ̀pà pọ̀ mọ́ dára fún ara, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ètè ọmọ bá wú lẹ́yìn àpòpọ̀ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó lè dárúkọ èyí tó ṣe é.

Ẹja tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́

Titus, kótè, ṣáwá: àwọn ẹja wọ̀nyí lè mú ojú gbóná, kí ó pọ́n, kí ó wú, láìjẹ́ pé ara ẹni tó jẹ ẹ́ kọ ẹja. Bí ẹja bá kúrò nínú òtútù fún ìgbà pípẹ́, àwọn kòkòrò àrùn tí ojú kò rí á sọ èròjà kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine, ohun kan náà tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde nígbà àlẹ́jì. Sísè kò pa á run, dídín kò pa á run, yíyan lórí iná pẹ̀lú kò pa á run. Kò pọn dandan kí ẹja náà rùn. Ní àdúgbò tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì lè ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru, ẹja inú fírísà lè yọ́ kí ó sì tún dì nígbà mélòó kan kí oníbàárà tó rà á.

Àmì rẹ̀ máa ń jáde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan: ojú àti ọrùn gbígbóná (lára aláwọ̀ dúdú, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ), orí fífọ́, ọkàn tó ń lù kìkì, ara yíyún, ìgbẹ́ gbuuru, àti ẹnu tó ń ta bí ẹni jẹ ata. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé kì í sábà mú ẹnì kan ṣoṣo. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ nínú ìkòkò kan náà bá ń ṣe é pọ̀, ẹja ni kí wọ́n fura sí. Cetirizine máa ń ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, ó sì sábà ń lọ tán láàrin ọjọ́ kan. Ẹni náà ṣì lè jẹ Titus tó dì dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ní ilé, ẹja tó bá ti yọ́, kí wọ́n sè é lọ́jọ́ náà. Dídá a padà sínú fírísà kò tún un ṣe.

Oògùn tí wọ́n ní kí wọ́n lò lẹ́yìn oúnjẹ

Níhìn-ín ni wọ́n ti ń purọ́ mọ́ oúnjẹ jù lọ. Wọ́n ní kí aláìsàn má lo oògùn lórí inú òfìfo. Ó jẹ àmàlà, ó lo oògùn, ojú rẹ̀ wú, àmàlà ló sì jẹ̀bi. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac tí àwọn alágbàṣe àti awakọ̀ ń lò fún ẹ̀yìn ríro wà lára àwọn tó máa ń wú ìpéǹpéjú àti ètè, pàápàá lára ẹni tó ní asima. Septrin àti Fansidar ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ súfà. Bákan náà ni amoxicillin fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílíìnì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ rẹ̀ parí sí “pril” ló yẹ kí a dúró lé jù: lisinopril, ramipril, enalapril, captopril. Wọ́n dára, wọ́n ń gba ẹ̀mí là, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dí ohun tó ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ bradykinin ká nínú ara. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù, omi á máa jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sínú ẹran ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju aláwọ̀ funfun. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí oògùn náà kò ti ṣe ẹni náà ní nǹkan kan, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ronú kàn án.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí ẹni tó bá wò ó dáadáa: ara kì í yún, ara kì í lé, ètè tàbí ahọ́n nìkan ló ń wú, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan péré. Piriton kò ràn án, abẹ́rẹ́ dexamethasone náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, kódà adrenaline lè má ràn án tó. Ó lè wú díẹ̀, kí ó rọ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n dúpẹ́ pé àgbo ló ṣiṣẹ́, kí ó tó padà wá wú ọ̀fun pátápátá lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ẹni tó ń lo “pril” tí ètè rẹ̀ sì wú, bó ti wù kó kéré tó, kò gbọ́dọ̀ lo hóró tó kàn. Kí ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn, amlodipine fún àpẹẹrẹ, kí ó sì mọ̀ pé gbogbo “pril” ti di èèwọ̀ fún òun títí láé. Bó bá jẹ́ ahọ́n ló wú, ilé ìwòsàn ni, nísinsìnyí. Ẹni tí kò wú kò ní ìdí láti dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gba ìtọ́jú ń pa ènìyàn ju èyí lọ fíìfíì.

Àwọn tó dà bíi rẹ̀

Ibi tó wú nísàlẹ̀ páárì bí oúnjẹ bá ti kan ẹnu, tó ń dunni, tó sì ń rọ̀ láàrin wákàtí kan tàbí méjì, tó tún ń wú nígbà oúnjẹ tó kàn, sábà jẹ́ òkúta kékeré tó dí ọ̀nà itọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó gbóná, tó ń ro, pẹ̀lú eyín tó jẹrà, iṣẹ́ dókítà eyín ni, kíá sì ni bí ìwú náà bá ń sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n. Ṣègede ń wú iwájú etí, ibà sì ń bá a rìn. Èèpo máńgòrò àti kajú lè mú ètè lé ròrò, ṣùgbọ́n ó sábà ń tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó jáde. Ojú tó ń wú láràárọ̀, tó ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ìtọ̀ sì ń hó, kíndìnrín ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Májèlé ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Oògùn apakòkòrò bíi Sniper kì í fi ojú wíwú bẹ̀rẹ̀. Itọ́ àti òógùn ló ń dà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń tẹ̀lé e, dúdú inú ẹyinjú á sún kì, iṣan á máa gbọ̀n. Ilé ìwòsàn ni èyí náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n nawọ́ sí alásè nítorí ètè tó wú.

Lẹ́yìn tí ara bá yá

Kí dókítà yẹ àkọsílẹ̀ náà wò kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Kò yẹ kí ó tún oúnjẹ tó fura sí tọ́ wò nílé láti fi dán ara rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ oògùn, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù àti sára káàdì ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún gbogbo oníkẹ́mísì tó bá ta oògùn fún un. Àwọn tó ń po oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá láìdárúkọ wọn kì í ṣe ẹni tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè rà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìwòsàn lè fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí NAFDAC, ẹni tó bá sì ní fóònù lè fi àáàpù Med Safety ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní búkà, bíbéèrè “ṣé edé wà nínú rẹ̀?” nìkan kò tó. Ìgbakọ kan náà lè ti wọ inú ọbẹ̀ mẹ́ta, epo tí wọ́n fi dín ẹja náà ni wọ́n lè fi dín àkàrà, magí kan sì wà tó jẹ́ edé ni wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ olóúnjẹ kan tó mọ oníbàárà rẹ̀, tó lè bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó da edé sí ìkòkò, ló dára kó ti máa rà á. Ọmọ ilé ìwé ní tirẹ̀ kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pín oúnjẹ jẹ. Kí òbí kọ orúkọ oúnjẹ náà, oògùn tó yẹ kí wọ́n fún un àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè sínú ìwé kan, kí ó fún olùkọ́ ní ọ̀kan, kí ó sì fi èkejì sínú àpò ọmọ.